Òpópónà Èkó ní Doornfontein

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Iléṣà, tí mo sì fa kọ́kọ́rọ́ lé Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò mi, lọ́wọ́. Ó ti jí, ó ti wẹ̀, ó ní òun kò lè jẹ́ kí n lọ láìgbàdúrà. Mo ti kọ gbogbo ẹrù mi sínú ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo sì fàlà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń kó o sínú àpótí: ẹ̀wù òtútù méjì, èlùbọ́ kóńgò mẹ́ta, ata gígún, ẹja gbígbẹ, Bíbélì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà, n kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn ń gbà múra ìrìn àjò.

"Màmá Tíṣà," Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "tí wọ́n bá bi yín léèrè ibi tẹ́ ẹ ti wá, ẹ má dá wọn lóhùn o. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín."

"Tí wọ́n bá tún bi mí ńkọ́?"

"Ẹ tún rẹ́rìn-ín."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo wa nílé la ti rí i nínú fóònù bí wọ́n ṣe ń sun ṣọ́ọ̀bù àwọn àjèjì ní Johannesburg, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé igi lé èèyàn kiri. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí mi. Ṣùgbọ́n mo ní láti lọ. Adékúnlé, àkọ́bí mi, ti lo ọdún mọ́kànlélógún níbẹ̀, ẹnjiníà ni. Ọmọ Kóńgò ni ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Mojísọ́lá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé àwọn àgbà kò fi orúkọ yẹn ṣeré: lónìí á dà bíi pé ọmọ ti lọ, lọ́la á dìde, á ní kí ẹ fún òun lóúnjẹ. Nínú oṣù kìíní, ó dùbúlẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlá nílé ìwòsàn. Láti ìgbà náà ni mo ti ní màá fi ojú ara mi rí i.

Ọkọ̀ tí mo háyà gba Ìbàdàn, a sì dé pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà ní aago mẹ́wàá. Wákàtí mẹ́fà ni ọkọ̀ òfurufú fi fò. Wọ́n fún wa ní ìrẹsì àti adìyẹ tí kò mọ ata. Mo bu ata gígún láti inú báàgì mi lé tèmi, ọkùnrin tó jókòó tì mí sì na abọ́ tirẹ̀ sí mi láìsọ̀rọ̀.

Ní Johannesburg, ọkùnrin tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Ó tún bi mí. Mo tún rẹ́rìn-ín. Ó wo ìwé mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì na ọwọ́ sí fóònù tó wà lórí tábìlì. Ìgbà náà ni mo rí i pé ìmọ̀ràn Ìyá Bọ́sẹ̀ fẹ́ kó bá mi. Mo yára ṣàlàyé ara mi ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́. Ó lu òǹtẹ̀, ó ní kí Gogo máa lọ. Gogo ni ìyá àgbà ní èdè Súlù, orúkọ tí gbogbo èèyàn sì ń pè mí nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo lò.

Adékúnlé ló wá pàdé mi. Kí a tó wọ ìgboro, ó ní, "Màámi, ẹ gbé báàgì yín sábẹ́ ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń fọ́ gíláàsì ní róbọ́ọ̀tì." Róbọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pe iná tó ń darí ọkọ̀. Mo gbé báàgì sábẹ́ ẹsẹ̀, mo sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e. Ní gbogbo ibi tí iná pupa ti dá wa dúró, mo ń wo ọwọ́ gbogbo ẹni tó ń kọjá, bóyá òkúta wà níbẹ̀.

Yeoville ni wọ́n ń gbé, nínú ilé àtijọ́ kan tí ọmọ mi rà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìgò fífọ́ la máa ń tò sórí ògiri. Ní tiwọn, wáyà ni, iná mànàmáná sì wà nínú wáyà náà tó ń dún tí-tí-tí tọ̀sán-tòru. Gbogbo fèrèsé ló ní irin. Ilẹ̀kùn ilé ní irin, ilẹ̀kùn tó ya yàrá sọ́tọ̀ kúrò ní pálọ̀ náà ní irin tirẹ̀, wọ́n sì ń tì í tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Wọ́n ṣe é kí ọkàn wa lè balẹ̀. Tèmi kò balẹ̀. Mo ń rò ó pé irú nǹkan wo ló ń bọ̀ tí wọ́n fi kan irin tó báyìí?

N kò fẹ́ parọ́ mọ́ ìlú náà. Ní Òpópónà Rockey, tí kò jìnnà sí wa, gàrí wà, èlùbọ́ wà, iṣu wà: èyí tí kò gùn tó apá mi jẹ́ àádọ́jọ ráńdì. Ìyàwó ọmọ mi ń gún ewé ẹ̀gẹ́, ó sì ń sè é bí ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹja. Ewúrẹ́ là ń fún ní ewé yẹn nílé. Mo jẹ ẹ́, mo sì bu sí i. Oṣù kẹfà ni, ìgbà òtútù wọn. Oòrùn á ràn bí i tiwa, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, síbẹ̀ bí o bá bọ́ sábẹ́ òjìji ilé, òtútù á mú ọ bíi pé o wọ inú kànga. Mo ní kí n sọ ọ́ báyìí kí ẹ lè mọ̀ ọ́n: oòrùn ibẹ̀ máa ń tan èèyàn.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, n kò kọjá géètì. Mojí wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi ń bá mi sọ̀rọ̀ jù, á sì fi Yorùbá díẹ̀díẹ̀ kún un. Èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀ síhìn-ín.

"Màmá Àgbà, ẹ ò tíì dé Johannesburg. Yàrá lẹ dé."

Ọmọ náà ga, ó tín-ín-rín, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n ráúràú bí ti gbogbo àwọn tó ní àrùn yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Doornfontein ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fíìmù. Ó ní òun á mú mi lọ wo àwọn ibi tí wọ́n ti ya fíìmù ní ìgboro. Kò sí ohun tí n kò lè ṣe kí ọmọ yẹn lè máa rẹ́rìn-ín, ni mo bá wọ ẹ̀wù òtútù mi méjèèjì, a jáde.

Ilé gíga kan wà ní Berea tí ó rí roboto bí àgbá, inú rẹ̀ ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mojí ní nínú fíìmù kan, Amẹ́ríkà ni ibẹ̀ jẹ́. Nínú òmíràn, ìlú tí ogun fọ́ ni. A bá tọkọtaya kan láti òkè òkun níbẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ pa ògiri kan tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀, tí wọ́n sì ń ya ara wọn.

"Kí ni wọ́n ń wá lára ògiri?" mo bi í.

"Ẹnìkan kú níbẹ̀ nínú fíìmù. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ibẹ̀ wà lóòótọ́."

"Ṣùgbọ́n ẹni náà kò kú lóòótọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìdí nìyẹn tó fi dùn ún wò."

Mo rò ó. Bí ibi tí ẹni gidi kú sí bá ni, èèyàn á yà fún un. Ibi ikú tí kò ṣẹlẹ̀ nìkan ni èèyàn lè fi ayọ̀ fọwọ́ kàn. Mo fọwọ́ kan ògiri náà fúnra mi. Ó tutù.

Bí a ti ń padà, ọkùnrin kan tẹ̀ lé wa gba òpópónà mẹ́ta kọjá. Bí a bá yára, á yára. Bí a bá dúró, á dúró. Mo ka Sáàmù kan tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mojí yíjú padà, ó bá a sọ̀rọ̀ ní Súlù, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ní òun náà ń bẹ̀rù òpópónà yìí. Ó rí àgbàlagbà, ó ní kò sí ẹni tó máa ja òun lólè lẹ́yìn Gogo."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà tẹ̀ lé wa dé iwájú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń kọrin ìsìn, ó tẹ orí ba fún mi, ó sì wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni Mojí wá jókòó sétí ibùsùn mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n fẹ́ ya fíìmù kan nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n sì ti gba òun gẹ́gẹ́ bí ẹ́kísírà, ìyẹn àwọn tó ń kún ojú ìran láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan péré ni.

"Kí lo máa ṣe níbẹ̀?"

"Màá dùbúlẹ̀."

"Bíi ti aláìsàn?"

"Bíi ti òkú, Màmá Àgbà. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa mí."

Mo dìde dúró. Mo ní a kì í tẹ́ ọmọ ààyè bí òkú. Mo ní mo ti gbọ́ pé àwọn òṣèré wa nílé pàápàá máa ń gbàdúrà gígùn kí wọ́n tó wọ inú pósí, àwọn míì a sì kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Gbogbo kíláàsì mi ló ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù," ó ní. "Èmi nìkan ni mi ò tíì ṣe. Èmi, fáìlì ilé ìwòsàn ni mo ní. Tí Dádì bá gbọ́, wọ́n á ní rárá. Mọ́mì náà á ní rárá. Wọ́n fẹ́ kí n máa jókòó bí ẹyin. Ẹ̀yin ẹ bá mi lọ. Tí ẹ bá wà níbẹ̀, kí ló lè ṣe mí?"

Ẹ̀yin òbí àti òbí àgbà, ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn yẹn. Mo ní kó ṣèlérí pé á mu omi dáadáa, á sì wọ aṣọ tó nípọn sábẹ́. Ó ní kí èmi náà ṣèlérí pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nílé àti níbi iṣẹ́, pé àrùn kankan wà lára òun. Mo ṣèlérí. N kò sùn dáadáa mọ́ títí ọjọ́ fi pé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àwọn òbí rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. A jáde ní aago méje, yìnyín funfun wẹ́wẹ́ wà lórí koríko. Bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè ní táásì la wọ̀. Èèyàn kì í pariwo ibi tó ń lọ. Ìka ni wọ́n ń nà: ìka ìlábẹ̀ sókè túmọ̀ sí ìgboro, dírẹ́bà á dúró. Iwájú ni mo jókòó. Dírẹ́bà bi mí bóyá ará Nàìjíríà ni mí. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rántí ọkùnrin tó yẹ ìwé ìrìnnà mi wò, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Eish, Gogo," ó ní, "ìyàwó mi ń wo fíìmù yín ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Nínú gbogbo rẹ̀, ìyá ọkọ ló máa ń burú. Ṣé ẹ̀yin náà burú?"

"Bi ìyàwó ọmọ mi."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ mo di báàgì mi mú ṣinṣin.

Doornfontein kún fún ilé iṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́ àti àwọn ibi tí wọ́n ti ń tajà lọ́pọ̀. Wọ́n ti fi okùn dí òpópónà kan. Nígbà tí a kọjá okùn yẹn, mo dúró. Èkó ni mo rí. Pátákó ṣọ́ọ̀bù fótò wà, pátákó ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú eyín wà, ìkéde ìsọjí wà lára ògiri. Omi inú ọ̀rá wà nínú korobá. Ọkùnrin kan ń fọ́n eruku pupa sórí títì pẹ̀lú ẹ̀rọ, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá dé. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ síbẹ̀. Èmi tí mo ti ń gbọ̀n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo mọ ibẹ̀. Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n bẹ̀rù níbẹ̀, mo sì mọ èyí tí kò yẹ. Ẹ kíyè sí i pé èkejì nìkan ló ṣẹ lára mi: mo ṣíwọ́ ìbẹ̀rù.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Thabo ló ń bójú tó àwọn ẹ́kísírà. Ó fún wa ní tíì àti ohun kan tí wọ́n ń pè ní magwinya, ìbátan bọ́fúrótì ni, àfi pé ó tóbi tó ọwọ́ tí èèyàn dì, iyọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ṣúgà lọ. Ó wo ìró àti gèlè mi.

"Gogo, ẹ má dúró lẹ́yìn okùn. A nílò ìyá àgbà kan tó ń jókòó síwájú ilé. Ẹ ti múra wá."

Wọ́n fi mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó aṣọ wá, ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù òtútù méjèèjì, nítorí pé Èkó ni, oru ń mú. Mo bọ́ ọ. Òtútù gba inú bùbá mi wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.

Ìgbà náà ni wọ́n mú Mojí jáde. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ló wọ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ewé, apá péńpé. Gbogbo aṣọ tó nípọn tó wọ̀ sábẹ́ ni wọ́n ti ní kó bọ́. Ó wò mí, ó mi orí pé kò sí nǹkan kan. Wọ́n tẹ́ òun àti àwọn ọkùnrin méjì sílẹ̀ lórí títì, wọ́n da omi ṣúgà pupa bí ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára, wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n, wọ́n sì fa ọwọ́ òsì Mojí yọ síta. Obìnrin kan ya fótò bí gbogbo nǹkan ṣe wà. Thabo ṣàlàyé fún mi: láti ìsinsìnyí lọ, àwọn òkú kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan, kí àwòrán kan má baà yàtọ̀ sí èkejì.

Gbogbo nǹkan ti ṣe tán. Mo wá rí àwọn ọkọ̀.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní ilẹ̀ wọn. Wọ́n sì to ọkọ̀ méje sí títì Èkó yẹn bí wọ́n ṣe máa tò ó nílé wọn, gbogbo rẹ̀ kọjú síbi tí kò yẹ. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe àtúnṣe kò lè rí àṣìṣe kó dákẹ́. Mo pe Thabo. Mo ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ ọ̀tún la máa ń gbà ní Èkó." Ó sáré lọ bá olùdarí, obìnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó wá fúnra rẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dúpẹ́, ó ní gbogbo èèyàn ní Nàìjíríà ì bá fi àwọn ṣe ẹlẹ́yà. Inú mi dùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogójì ìṣẹ́jú ni ó gbà. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo èmi àti àwọn tó ń rìn. Thabo lọ sọ́dọ̀ àwọn òkú, ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ dìde díẹ̀, wọ́n á tún tò wọ́n. Àtàǹpàkò Mojí dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà: shap. Ìyẹn ni pé ó dára.

Abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ni mo wà tí eyín mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Mo ní, èmi tí mo wà lórí pákó rèé, tí wọ́n bò. Ẹni tó wà lórí títì ńkọ́? Mo fẹ́ dìde. Mo rántí ìlérí mi. Mo jókòó.

Wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kan. Òṣèrébìnrin tó ń ṣe ìyá sáré wá, ó rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀. Ẹkún rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí omi bọ́ lójú mi. Wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní oòrùn ti yí, kí a dúró díẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo wo ọwọ́ tó yọ síta yẹn. Ní àkọ́kọ́, ìka rẹ̀ nà. Báyìí, wọ́n ti ká jọ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, èékánná rẹ̀ sì ti ṣú. Mo wo àyà rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. N kò rí i kó gbéra.

Nílé wa, bí èèyàn bá dákú, a kì í wò ó níran. Orúkọ rẹ̀ la máa ń pè, kí ó má baà rìn jìnnà. Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ènìyàn dákẹ́. Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì, mo sì ké tòò:

"Mojísọ́lá! Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi!"

"Mà," ni òkú dáhùn.

Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé, bí àgbà bá pè é, kò mọ bí a ṣe ń dákẹ́. Òṣèrébìnrin tó ń sunkún fò sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn òkú yòókù ń rẹ́rìn-ín, aṣọ tó bò ó ń gbọ̀n. Ẹnìkan ní ará Nàìjíríà kì í kú bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti gbọ́ ohùn yẹn. Mo ti pe orúkọ àwọn ọmọ ní kíláàsì láràárọ̀ láti ìgbà èwe mi. Mo mọ ohùn ọmọ tó ń díbọ́n, mo sì mọ ti ọmọ tí ìrora ń pa. Mo sáré kọjá kámẹ́rà wọn, mo kúnlẹ̀, mo ká aṣọ kúrò lójú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ó ti ń ge ètè náà jẹ kí ó má baà kérora.

"Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, Yorùbá ló fi sọ ọ́, "ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ ṣèlérí."

Olùdarí ti dé ẹ̀yìn mi. Ó bi mí, láìbínú, pé kí ló dé. Mojí di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ìka tí kò lè nà. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí fún. Bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní gbà á mọ́, níbẹ̀ àti níbòmíràn. Bí n kò bá sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan yẹn lè pọ̀ jù.

Mo sọ ọ́. Mo sọ orúkọ àrùn náà ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì tún un sọ kí nọ́ọ̀sì tó wà níbi iṣẹ́ náà lè gbọ́ dáadáa.

Mojí tú ọwọ́ mi sílẹ̀.

Wọ́n ṣe ohun tó yẹ, n kò ní fi ẹ̀sùn kàn wọ́n. Bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, ọkọ̀ tí wọ́n ti mú gbóná, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú ọkọ̀ yẹn ni Thabo ti fi fọ́ọ̀mù tí Mojí kọ hàn mí. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ nípa àìsàn. Ó kọ síbẹ̀ pé kò sí. Olùdarí ní, "Ká ní a mọ̀ ni, à bá ti tẹ́ tìmùtìmù sábẹ́ rẹ̀. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn míì rí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ká ní ó bú mi lọ. Mo ti gbà pé ọ̀nà méjì péré ló wà, ìlérí mi tàbí ìdójútì rẹ̀. Ẹ̀kẹta wà níbẹ̀ látàárọ̀: tìmùtìmù.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò nílé ìwòsàn. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un lóògùn ìrora, wọ́n fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí imú rẹ̀. Adékúnlé dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò bú mi. Ó kàn ní, "Màámi, ẹ̀yin náà?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti ọkọ̀ méje tí mo ní kí wọ́n yí padà. Ogójì ìṣẹ́jú, ẹnu mi ló fi kún un. Ìyàwó rẹ̀ gbá mi mọ́ra, ó ní ká ní n kò sí níbẹ̀, ọmọ náà ì bá dùbúlẹ̀ dé òpin. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo sì mọ̀ pé ká ní n kò gbà láti bá a lọ, kì bá tí dé ibẹ̀ rárá. Méjèèjì ni mo gbé wálé.

Mojí kọjú sí ògiri ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé. Ní ọjọ́ kẹrin ló tó sọ̀rọ̀.

"Bèbí oníke ni wọ́n fi rọ́pò mi. Thabo ló pè mí. Wọ́n fi aṣọ bò ó."

"Bèbí kì í ṣàìsàn."

"Bèbí ò sì fẹ́ kọ́ṣẹ́ kankan." Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo èjìká. "Ẹ ti bà á jẹ́ fún mi, Màmá Àgbà."

N kò bá a jiyàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ìgbà kan wà tí àlàyé tíṣà kò wúlò fún ọmọ. Mo bó ọsàn fún un, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo padà wá, ó ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì kọjú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé. Á kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, kò sì ní sọ ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, ó bá wa dé pápákọ̀ òfurufú, ó gbé báàgì mi, ó ní kí Ọlọ́run mú mi délé. Kò wo ojú mi.

Mo dé Iléṣà ní ọjọ́ kejì, ní ọwọ́ ọ̀sán. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìyá Bọ́sẹ̀ gbé ìjókòó wá síta kí n tó sọ àpótí kalẹ̀.

"Wọn ò jà yín lólè?"

"Rárá."

"Wọn ò lé yín?"

"Ọkùnrin kan tẹ̀ lé mi. Ó ń bẹ̀rù."

Ó wò mí bíi pé mo ti gbàgbé Yorùbá. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún un, tí mo sì ń sọ fún yín, ni pé Johannesburg léwu. Ọmọ mi kì í ṣí gíláàsì ọkọ̀ láìnídìí. Ṣùgbọ́n mo gba ìbẹ̀rù àwọn ẹlòmíràn kún ọwọ́ débi pé nígbà tí mo rí òpópónà tó jọ tiwa, mo sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì sọ èyí tí ó jẹ́ tèmi gan-an mọ́ ọn. Òtútù ni ó yẹ kí n bẹ̀rù. Mo gbé ẹ̀wù méjì lọ nítorí ara mi, mo sì jókòó wo ọmọ mi lórí títì.

Fóònù mi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àwòrán kan ló wọlé láti ọ̀dọ̀ Mojí, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sábẹ́ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ni, ti fíìmù mìíràn; wọ́n ń wá ẹni tó máa jókòó kàwé nínú yàrá ìkàwé. Mo gbé gíláàsì ojú mi wọ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè àìsàn, ó kọ ọ́ ní kíkún, ó sì fi kún un pé òtútù kò gbọdọ̀ mú òun. Nísàlẹ̀, wọ́n béèrè nọ́ńbà ẹni tí wọ́n á pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà ní Yeoville. Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì, wà ní ìlú kan náà. Nọ́ńbà tèmi ló kọ síbẹ̀, èmi tí mo wà ní Iléṣà, tí ọ̀nà mi jìn tó ọjọ́ méjì.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ń bi mí pé kí ni mo ń wò. Mo ń fi ìka tọ nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń ṣe tí mo bá ń máàkì ìṣirò, kí ó lè dá mi lójú pé kò ṣì í. Kò ṣì í.